Àlejò tó di ará àdúgbò: Ohun tí òfin sọ nípa àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà tó ń gbé l'Ọ́jọ̀ọ́, Ìbà àti Òkòkòmáìkò

Bí wọ́n bá ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékòó tọ́ka sí àjèjì, òyìnbó ni wọn yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí, tàbí àwọn ará Ṣáínà tó ń wa katapílà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lágbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáìkò, ọ̀pọ̀ àjèjì ni kò yàtọ̀ sí wa láwọ̀ rárá. Ó lè jẹ́ obìnrin tó ń ru ẹ̀wà àgànyìn kiri láàárọ̀, ó lè jẹ́ bíríkìlà tó mọ ògiri ilé yín, ó sì lè jẹ́ télọ̀ tó rán aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ́dún tó kọjá. Láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti pẹ́ débi pé ọ̀pọ̀ wọn ń sọ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìdúmọ̀tà, àwọn ọmọ wọn sì ń lọ síléèwé pẹ̀lú àwọn ọmọ tiwa.

Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kí wọ́n mú ìwé tó fún wọn láṣẹ láti máa gbé Nàìjíríà jáde, kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in. Àwọn kan gbà pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ECOWAS ni gbogbo wa, kò tún sí ìwé kankan tí àwọn ń wá mọ́. Àwọn onílé tó gbà wọ́n sílé àti àwọn ọ̀gá tó gbà wọ́n síṣẹ́ náà kò béèrè. Èyí kì í ṣe ohun kékeré o, nítorí ìtàn ti fi hàn wá pé ọjọ́ tí nǹkan bá le nílùú, ẹni tí kò níwèé lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lé. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ lónìí: kí ni òfin fún àwọn èèyàn wọ̀nyí, ibo ni ẹ̀tọ́ náà pin sí, kí ló sì yẹ kí àwọn àti àwa tí a jọ ń gbé ṣe?

Àjèjì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá síbẹ̀

Ilẹ̀ Àwórì ni agbègbè yìí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn Àwórì ti ń gba àlejò. Ibùdókọ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní Volkswagen gba orúkọ rẹ̀ láti ara ilé-iṣẹ́ táwọn ará Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ lọ́dún 1975. Ọgbà Trade Fair, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1977, ilé-iṣẹ́ Energoprojekt ló yàwòrán rẹ̀, láti ìlú Belgrade, lórílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Yugoslavia nígbà náà. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì lọ́dún 2009, ilé-iṣẹ́ CCECC láti Ṣáínà ni wọ́n gbéṣẹ́ fún, àtọ̀nà àti ojú irin tí wọ́n ṣètò pé kó dé Òkòkòmáìkò. Apá àkọ́kọ́ ojú irin náà, láti Marina dé Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́jọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023.

Àmọ́ ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín irú àwọn àjèjì wọ̀nyẹn àti àwọn tí a ń sọ. Òyìnbó tàbí ará Ṣáínà tó wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń bá a tọ́jú ìwé rẹ̀. Kó tó wọ bàálù ni wọ́n ti ṣe físà rẹ̀, bó bá sì dé, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò bá a gba káàdì àwọn àjèjì tí wọ́n ń pè ní CERPAC. Ilé wà nílẹ̀ fún un, dírẹ́bà sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti Lómè tàbí Kùtọnú wá, ọkọ̀ èrò ló wọ̀ wá, èèyàn rẹ̀ kan tó ti wà l'Ókòkòmáìkò ṣáájú ló gbà á sílé, kò sì sí ọ̀gá kankan tó ń bá a lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ohun tí kò bá ṣe fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá a ṣe é.

Kí ló fà á tó fi jẹ́ agbègbè yìí ni wọ́n pọ̀ sí? Ọ̀nà ni. Ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Mile 2, Volkswagen, Ìyànà-Ìbà àti Òkòkòmáìkò kọjá, òun náà ló lọ sí Ìjànìkin, Àgbárá, Àgbádárìgì, títí tó fi dé ẹnubodè Sèmè. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ sọdá, yóò gba Kùtọnú kọjá, yóò dé Hilla-Condji tí í ṣe ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, yóò sì kọjá Lómè bọ́ sí Aflao ní Gánà. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé Òkòkòmáìkò kò ní láti la gbogbo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó já kó tó máa lọ sílé. Àwọn ọjà ńlá bíi Alábà náà sì wà nítòsí, níbi tí alágbára àti oníṣòwò kò ti lè wáṣẹ́ tì.

Ọmọ ìyá kan tí bodè pín níyà

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé kì í ṣe gbogbo àwọn tí à ń pè ní àjèjì yìí ló jẹ́ àjèjì ní ti ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn kan tó la ilẹ̀ náà sí méjì. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Bí àwọn Ẹ̀gùn Àgbádárìgì ṣe bọ́ sápá ibí nìyẹn, tí àwọn Ẹ̀gùn Àjàṣẹ́ bọ́ sápá ọ̀hún. Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pọ̀bẹ́ tí í ṣe ìlú Yorùbá pọ́ńbélé bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Lónìí, ọmọ Kétu tó ń gbé n'Íbà lè jókòó ti ọmọ Ìmẹ̀kọ, kí wọ́n jọ sọ èdè kan náà, kí oríkì wọn sì jọra. Ṣùgbọ́n lójú òfin, ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀kan, àjèjì ni èkejì.

Bí wọ́n ṣe ń gbé láàárín wa

Iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ni bíríkìlà, àwọn tó ń lẹ táìsì, télọ̀, alásè, ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹni tó ń fọṣọ. Ẹ̀wà àgànyìn tí a fi ń mu búrẹ́dì, ọwọ́ wọn la ti mọ̀ ọ́n, ata dídín rẹ̀ tó dúdú minimini ni a sì fi ń dá a mọ̀. Ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan tó kọjú síra wọn ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, níbi tí ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ti lè dáwó jọ san owó ilé.

Orúkọ wọn máa ń sọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Láàárín àwọn Ewe tó wà ní Tógò àti Gánà, Kofi ni ọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì, Kossi ni ti ọjọ́ Àìkú, Kodjo sì ni ti ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò, gbogbo wọn lè di "Kofi" lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ orúkọ tó wà nínú ìwé wọn yàtọ̀. Ẹ̀rín lèyí lójú àwa, àmọ́ ọ̀rọ̀ ńlá ni lọ́jọ́ tí ẹni náà bá fẹ́ fi rìsíìtì owó ilé ṣe ẹ̀rí ibi tó ń gbé, tí orúkọ inú rìsíìtì kò sì bá ti inú pásípọ́ọ̀tù mu.

Owó náà tún ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Náírà ni wọ́n ń gbà níbí, sẹ́fà ni àwọn ará ilé ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Sẹ́fà kì í ṣàdédé lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n ti so ó mọ́ owó yúrò: 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà, ọdún 2023, ó já wálẹ̀ débi pé ó ju 1,500 náírà lọ tí wọ́n fi ń ra dọ́là kan lóṣù kejì, ọdún 2024. Ẹ wo ìyá kan tó ń fi 20,000 náírà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kùtọnú lóṣooṣù kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Iye náà kò dín níbí, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ mọ́. Èyí wà lára ohun tó mú kí àwọn kan palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, tí àwọn mìíràn sì ń ṣiṣẹ́ méjì pọ̀.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Bó bá ti di ìparí ọdún, ọ̀nà Sèmè a kún. Ọ̀pọ̀ ará Bẹ̀nẹ̀ a máa dúró nílé kọjá ọdún Vodun oṣù kìn-ínní, tí ìjọba wọn fún ní ìsinmi. Ẹni tó bá ń lọ sí Tógò tàbí Gánà yóò tún dá aago rẹ̀ padà ní wákàtí kan, nítorí aago Bẹ̀nẹ̀ bá tiwa mu, ṣùgbọ́n ti Tógò àti Gánà kò bá a mu.

Kí ni ECOWAS fún wọn?

L'Ékòó níbí ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀, lọ́jọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 1975. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1979, àwọn olórí orílẹ̀-èdè pàdé ní Dakar, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn fàlàlà. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ láti wọ ìlú ara ẹni láìgba físà. Èkejì, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1986, ni ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ kí èèyàn sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1990, ni ẹ̀tọ́ láti dá òwò tàbí ilé-iṣẹ́ sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni ìpele àkọ́kọ́. Òótọ́ ni pé kò sí físà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 90 ni àyè náà mọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá lọ́wọ́, àti ìwé ìlera, èyí tí a mọ̀ sí káàdì yẹ́lò tó ń fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti oṣù keje, ọdún 2016, abẹ́rẹ́ yìí ti di ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé, káàdì rẹ̀ kì í kú mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ ara rẹ̀ wọlé lè lò ó fún ọjọ́ 90, ṣùgbọ́n ọjọ́ 15 péré ni ti ọkọ̀ akérò.

Kò sí ibì kankan nínú àdéhùn náà tí wọ́n ti ní kí arìnrìn-àjò sanwó kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà Àgbádárìgì mọ̀ pé àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà náà pọ̀ bí eéṣú. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé lè dúró kó sọ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó gba ẹ̀yìn bodè wọlé, tàbí tó jẹ́ pé awakọ̀ ló bá a "ṣètò" láìsí òǹtẹ̀ nínú ìwé, òun ni yóò máa san ẹ̀gúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sínú ìwé lọ́jọ́ tó wọlé ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní pé ọjọ́ 90 rẹ̀ kò tíì pé.

Ọjọ́ kọkànléláàádọ́rùn-ún ńkọ́?

Bí ọjọ́ 90 bá ti pé, àdéhùn náà ní kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ dúró lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè tó wà. Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ Imigíréṣàn ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba káàdì ìgbélùú ECOWAS, èyí tó yàtọ̀ sí CERPAC tí àwọn òyìnbó ń gbà. Àwọn kan máa ń dọ́gbọ́n sí i: wọn a sáré dé Sèmè, wọn a lu òǹtẹ̀ ìjáde, wọn a tún lu ti ìwọlé, wọn a sì padà sí Ìyànà-Ìbà lọ́jọ́ kan náà. Ó lè tán ìṣòro ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sọ èèyàn di ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìlú. Àlejò ló ṣì jẹ́.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló ń ka ọjọ́ báyìí. Ní Táílàndì, níbi tí ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì ti ń lọ gbé, àjèjì tó bá ní físà ọlọ́jọ́ gbọọrọ gbọ́dọ̀ máa fi ibi tó ń gbé tó àwọn aláṣẹ létí ní gbogbo ọjọ́ 90, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kúrò nílé kan náà. Owó ìtanràn ni fún ẹni tó bá gbàgbé. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ máa ń kùn sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìwé ló ń jẹ́ kí àlejò sùn dọ́kàn.

Lọ́jọ́ 12, oṣù keje, ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn àjèjì tó bá ti lé ní ọjọ́ 90 nílùú, wọ́n sì fún wọn lóṣù mẹ́fà láti wá láìsí ìjìyà. Àwọn ọmọ ECOWAS wà lára àwọn tí ètò náà kàn. Òfin tó dá àjọ NIMC sílẹ̀ lọ́dún 2007 náà kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ àjèjì tó ń gbé níbí lọ́nà òfin: òun náà lè gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti ní kí gbogbo èèyàn so NIN mọ́ síìmù wọn, láti oṣù kejìlá, ọdún 2020, ẹni tí kò ní in ti wá rí i pé fóònù àti báńkì pàápàá ti di ìṣòro. Ọ̀pọ̀ ló ń fi orúkọ ọmọ Nàìjíríà gba síìmù. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, tàbí tí ẹni náà bá kó lọ, nọ́ńbà àti owó tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ohun tí ojú ti rí

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé a kàn ń dẹ́rù bani ni, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Lọ́jọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Yorùbá pọ̀ lára àwọn tó kàn. Àwọn tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn fi ṣọ́ọ̀bù, ilé àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn lọ́wọ́ òfo.

Lọ́jọ́ 17, oṣù kìn-ínní, ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà láti ṣe tirẹ̀. Ìjọba Alhaji Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí ìwé wọn kò pé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì èèyàn ni wọ́n fojú bù pé ó kàn, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù. Ọ̀nà Àgbádárìgì yìí kan náà, tó gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀jọ́ kọjá, ni ọ̀pọ̀ wọn gbà. Tógò àti Gánà ti bodè wọn, àwọn èèyàn sì há sí Bẹ̀nẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà fún wọn. Ibẹ̀ ni báàgì aláwọ̀ igun mẹ́rin nì ti gba orúkọ tí a ń pè é dòní, "Ghana Must Go". Lóṣù karùn-ún, ọdún 1985, ìjọba ológun tún lé àwọn mìíràn.

Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1983, àdéhùn ọdún 1979 ti wà nílẹ̀. Ohun tí ìjọba fi gbe ara rẹ̀ lẹ́yìn ni pé àwọn tí wọ́n lé ti kọjá ọjọ́ 90 láìgbàṣẹ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ECOWAS kọ ọ́ sínú àdéhùn ọdún 1986 pé orílẹ̀-èdè kankan kò gbọ́dọ̀ kó àwọn èèyàn dànù lápapọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lé ẹnì kan, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ni wọn yóò gbé yẹ̀wò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí ààbò ìlú, ìlera àwọn aráàlú tàbí irú ìdí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un àti fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ààbò yìí dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní káàdì ìgbélùú lọ́wọ́ ló lè tètè jàǹfààní rẹ̀.

Bodè pàápàá kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó tì. Lọ́jọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 2019, ìjọba ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì àti epo. Ọjọ́ 16, oṣù kejìlá, ọdún 2020 ni wọ́n tó tún Sèmè ṣí. Ẹ wo oníṣòwò tó ń ti Kùtọnú kó aṣọ wá s'Ọ́jọ̀ọ́ láàárín ọdún kan àti oṣù mẹ́rin yẹn.

Àwọn ará Nìjẹ́ tó wà lágbègbè Alábà Rago náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Nìjẹ́, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS lọ́jọ́ 29, oṣù kìn-ínní, ọdún 2025. ECOWAS rọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn wọlé títí di ìgbà tí àṣẹ mìíràn yóò dé. Àánú ni ìyẹn, kì í ṣe ẹ̀tọ́ bíi ti àtijọ́.

Ipa onílé àti ọ̀gá

Ẹ̀yin onílé, orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà ayálégbé ni kí ẹ kọ sínú rìsíìtì, ẹ má kọ orúkọ àdúgbò. Ẹ̀yin ọ̀gá, pásípọ́ọ̀tù ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun ìdúró tí ẹ lè tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kó má baà sá lọ. Àdéhùn ọdún 1986 fún òṣìṣẹ́ tó wá lọ́nà òfin ní ẹ̀tọ́ bíi ti ọmọ onílùú nípa iṣẹ́ rẹ̀, ìlera rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń kó wá láti òdìkejì bodè ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ìyẹn kò sí lábẹ́ ìrìn fàlàlà rárá. Òfin ọdún 2015 tó ń gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò ka gbígba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 síṣẹ́ ilé sí ẹ̀ṣẹ̀, àjọ NAPTIP ló sì ń mójú tó o. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ náà wà nínú ẹjọ́, kì í ṣe ẹni tó mú un wá nìkan.

Ẹ̀yin àlejò wa, ìwé mẹ́ta ni kí ẹ mójú tó: ìwé ìrìnnà tó ní òǹtẹ̀, káàdì yẹ́lò, àti káàdì ìgbélùú kí ọjọ́ 90 tó pé. Ẹ rí i pé orúkọ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Ẹ̀dà wọn náà dára kó wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán nílé.

Àwa ọmọ Yorùbá kò sì lè ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Títí di bí a ṣe ń wí yìí, àwọn ọmọ Èjìgbò pọ̀ ní Abidjan, àwọn èèyàn wa wà ní Accra, Kùtọnú àti Lómè, tí wọ́n ń tajà, tí wọ́n ń kọ́lé, tí wọ́n ń bímọ. Àdéhùn tó ń dáàbò bo Kofi l'Ókòkòmáìkò, òun náà ló ń dáàbò bo àbúrò yín tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ábíjà. Bí a bá gbà kó bàjẹ́ níbí, ẹnu wo la ó fi bẹ̀bẹ̀ lọ́hùn-ún?